Contend: Ìjà Ẹnu, Ìjà Ipò, Ìjà Ayé

Nígbà tí àwọn tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n mú ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, kí n tú u palẹ̀ fún wa, mi ò wá a lọ jìnnà. Contend ni mo mú. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ ní kóòtù, nínú ìròyìn, lórí pápá eré àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà tí a gbà ń sọ ọ́ di Yorùbá kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, torí ó ń pa àwọn èèyàn wa lára. A ti gbé “jiyàn” lé e lórí níbi gbogbo, “jiyàn” yìí sì ń sọ ẹni tó wá gbèjà ẹ̀tọ́ rẹ̀ di ẹni tó ń sẹ́ òótọ́ lójú àwọn tó ń gbọ́. Ohun tí mo wá bá yín sọ lónìí nìyẹn.

Kì í ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti rí i. Contendere làwọn ará Róòmù ń pè é, tendere ló sì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé kí èèyàn na nǹkan, kó fà á títí tí yóò fi le dandan. Wọ́n ń lò ó fún tafàtafà tó fa ọsán ọrun rẹ̀, fún ẹni tó fi gbogbo agbára sáré, fún ẹni tó bá ẹlòmíì du nǹkan, àti fún ẹni tó di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú tí kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ló wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìbátan rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀: extend, attend, intend, tension, títí kan tent, àgọ́ tí a ń na aṣọ rẹ̀ sórí òpó. Content kò sí lára wọn o, ibòmíràn ló ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí wa máa ń pa òun àti contend pọ̀, nítorí ahọ́n Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan má ṣe kọ “I am contend” fún olùkọ́ rẹ̀ láti sọ pé inú òun dùn sí nǹkan.

Fífà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwa náà máa ń fa ìjà. Ẹni tó bá ń wá wàhálà, a ní ó ń fìjà pẹẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó bá ti di ti ẹgbẹ́ méjì tí kò sí èyí tó fẹ́ gbà fún ìkejì, ìfanfà là ń pè é. Nítorí náà, èrò inú contend kò ta kókó fún Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ru ẹrù tí àwa pín fún ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje, ọ̀rọ̀ kékeré tó bá sì tẹ̀ lé contend ló ń sọ èyí tí a ó gbé. Bí that bá tẹ̀ lé e, ẹnu ni wọ́n fi ń ja ìjà náà. Bí for bá tẹ̀ lé e, ohun kan wà níwájú tí wọ́n ń dù. Bí with bá tẹ̀ lé e, alátakò tàbí ìṣòro kan ló dúró síwájú ẹni. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí against, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wọ́pọ̀ tó àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ ká mú ti that ṣáájú, torí òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù.

Mo jókòó ní kóòtù kan nígbà kan tí wọ́n ń ṣẹjọ́ ilẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan ni olùpẹ̀jọ́. Agbẹjọ́rò rẹ̀ dìde, ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé: “My client contends that the land was never sold.” Ògbufọ̀ gbà á, ó ní: “Bàbá yìí ń jiyàn pé wọn ò ta ilẹ̀ náà rí.” Bàbá ti fò dìde kó tó parí. “Olúwa mi, èmi kọ́ ni mò ń jiyàn o! Àwọn wọ̀nyí ló ń jiyàn. Ilẹ̀ bàbá mi ni, ohun tí mo bá nílẹ̀ ni mo sọ.” Ògbufọ̀ ní, “Bàbá, ẹ ṣe sùúrù, agbẹjọ́rò yín ló sọ bẹ́ẹ̀.” Bàbá wo agbẹjọ́rò rẹ̀ bí ẹni tí ọmọ inú ilé rẹ̀ dà. Adájọ́ ní kó jókòó. Ó jókòó, ṣùgbọ́n jálẹ̀ ọjọ́ yẹn, kò fọkàn tán ẹni tó fi owó ara rẹ̀ gbà mọ́.

Bàbá jàre. Lẹ́nu ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú, ẹni tó ń jiyàn ni ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ fún tí kò gbà, tó ń kọ̀ ọ́, tó ń tako ohun tó wà nílẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ ẹran inú ìkòkò tó ní òun kọ́, à ń sọ pé ó ń jiyàn. Contend that kò gbé irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ rù ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé ẹni kan gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀, ó dá a lójú, ó mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọn kò ní gbà, ó sì dúró lé e lórí síbẹ̀. Ẹni tó ń ròyìn rẹ̀ kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni contend ti yàtọ̀ sí claim. Bí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì bá kọ ọ́ pé ẹnì kan claims that, akọ̀ròyìn ti ń ṣẹ́jú sí yín pé ọ̀rọ̀ náà kò dá òun lójú. Allege ní ti rẹ̀, ẹ̀sùn ni, ó sì sábà máa ń ní ẹni tí wọ́n fi kàn.

“Ohun tí bàbá yìí dúró lé lórí ni pé ẹnikẹ́ni kò ta ilẹ̀ náà rí.” Ká ní ohun tí ògbufọ̀ sọ nìyẹn, kóòtù ì bá pa rọ́rọ́. Ó tún lè sọ pé bàbá tẹnu mọ́ ọn pé wọn kò ta ilẹ̀. Ó lè sọ pé bàbá ní wọn kò ta ilẹ̀, kó sì parí síbẹ̀. “Ó ní” kéré lójú ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn wa, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn gbọ́dọ̀ ní Yorùbá tó gùn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. “Ó ní” kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣàfikún ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀. Nínú ìròyìn, ó sàn ju “jiyàn” lọ lọ́nà tó pọ̀.

Ẹjọ́ tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní contend that ni ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ àti Shagari. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹjọ, ọdún 1979, èèyàn márùn-ún ló du ipò Ààrẹ Nàìjíríà: Alhaji Shehu Shagari, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Dókítà Nnamdi Azikiwe, Mallam Aminu Kano àti Alhaji Waziri Ibrahim. Òfin ìdìbò ní kí ẹni tó bá máa wọlé ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì tún rí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la ní nígbà náà. Ẹ pín 19 sọ́nà mẹ́ta, kí ẹ mú méjì níbẹ̀, ẹ ó bá 12 pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta pàdé. Shagari ló ní ìbò tó pọ̀ jù, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún àti ààbọ̀, ó sì rí ìdá kan nínú mẹ́rin tí òfin wí ní ìpínlẹ̀ 12. Kano ló kù. Ìbò 243,423 ló rí níbẹ̀ nínú 1,220,763, èyí tí kò tilẹ̀ pé 20 nínú 100.

Wọ́n ní Shagari ló wọlé, Awólọ́wọ̀ pẹjọ́, ìjà wá dé. Olóyè G.O.K. Àjàyí tó ṣíwájú àwọn agbẹjọ́rò Awólọ́wọ̀ dúró lé e pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju 13 lọ, torí ìpínlẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè gé sí wẹ́wẹ́. Olóyè Richard Akínjídé tó ń gbẹnu sọ fún Shagari náà dúró lé tirẹ̀: ó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano ni kí wọ́n mú, ìyẹn 813,842, kí wọ́n sì wá ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ 203,460 àti ààbọ̀, ohun tí Shagari sì rí ní Kano ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i dáadáa, ẹ jọ̀ọ́. Iye ìbò Kano kọ́ ni àwọn àgbà agbẹjọ́rò méjèèjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òye òfin ni. Kò sí ẹni tó ń sẹ́ nǹkan kan nínú wọn, ìṣirò ni oníkálukú gbé kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yóò lo contended fún Àjàyí, yóò lò ó fún Akínjídé náà, kò sì ní dójú ti èyíkéyìí nínú wọn. Bí Yorùbá bá wá kọ ọ́ pé Àjàyí ń jiyàn, kí ni yóò kọ fún Akínjídé?

Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Atanda Fatayi-Williams da ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ nù. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló yapa sí ìdájọ́ náà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, wọ́n búra fún Shagari. Níbí yìí, mo fẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn tẹ́tí. Adájọ́ kì í contend. Agbẹjọ́rò ló ń contend, ẹlẹ́rìí a máa jẹ́rìí, adájọ́ a sì máa dá ẹjọ́. Nígbà tí akọ̀ròyìn bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé “the court contended”, ó ti fa adájọ́ wálẹ̀ láti orí àga, ó ti sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn tó ń jà. Bí Ẹ̀ṣọ́ tilẹ̀ dá dúró, ìdájọ́ ló kọ, kì í ṣe ìpẹ̀jọ́.

Irú ìjà yìí kò tán nílẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò 2023, àwọn tó pẹjọ́ dúró lé e pé ẹni tí kò bá rí ìdá 25 nínú 100 ìbò ní Àbújá kò lè di Ààrẹ, ìbáà rí i ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí òfin béèrè. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ó lé mẹ́rin ló wà láàárín ẹjọ́ méjèèjì, gbólóhùn kékeré inú òfin ni wọ́n tún ń fà.

Nínú ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀, contention, ẹ ó bá ìtumọ̀ méjì. Ọ̀kan ni asọ̀ tàbí aáwọ̀ fúnra rẹ̀. Ìkejì ni kókó tí èèyàn dúró lé: “my contention is” kò ju “ohun tí mò ń sọ ni pé” lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ “bone of contention” ní Yorùbá pé “egungun ìjà”. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ ká máa bá ajá àwọn Gẹ̀ẹ́sì du egungun wọn. Okùnfà ìjà ni, tàbí ohun tó dá ìjà sílẹ̀.

Ó kan contend for. Ọ̀rọ̀ wa fún èyí ti wà nílẹ̀ tipẹ́: a ń du oyè, a ń du ipò, a ń du àga. Ẹni méjì tó ń sáré lé ife ń díje. Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, àfi ibì kan ṣoṣo, ìyẹn contender.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Ìbàdàn, ní Liberty Stadium, lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ, ọdún 1963. Dick Tiger, ọmọ Amaigbo tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Richard Ihetu, ló di ìgbànú àgbáyé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn mú. Ọdún 1955 ló ti ré òkun lọ sí Liverpool láti lọ kan ẹ̀ṣẹ́. Ó jà níbẹ̀, wọ́n nà án, ó nà wọ́n, ó kọjá sí Amẹ́ríkà. Fún ọdún púpọ̀, contender ni àwọn oníwèé ìròyìn ń pè é: ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́, tí gbogbo èèyàn gbà pé bí wọ́n bá fún un láyè, ó lè gba ìgbànú. Oṣù kẹwàá 1962 ni wọ́n fún un láyè ní San Francisco, ó sì gbà á lọ́wọ́ Gene Fullmer. Ní oṣù kejì 1963 ní Las Vegas, àwọn méjèèjì ta ọ̀mì. Nígbà tí Fullmer wá dé Ìbàdàn, òun ló wá di contender, ẹni tó wá du ohun tó ti jẹ́ tirẹ̀ rí. Nígbà tí ìpele kẹjọ máa bẹ̀rẹ̀, Fullmer kò dìde lórí àpótí rẹ̀ mọ́. Ìjà àkọ́kọ́ fún ìgbànú àgbáyé nílẹ̀ àwọn aláwọ̀dúdú Áfíríkà nìyẹn, pápá yẹn kan náà ló sì ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí.

Ẹ ti rí i pé gbogbo ẹni tó bá wọ ìdíje kọ́ ni contender. Contestant ni gbogbo wọn, contender ni ẹni tó lè gbà á. Ní àsìkò ìdìbò, àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì wa máa ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ti ra fọ́ọ̀mù ní contender. Èyí kì í ṣe òótọ́, ó sì ń tan olùdìbò jẹ. Bákan náà ni ti liigi bọ́ọ̀lù: ẹgbẹ́ tó bá ṣì wà “in contention” ni ẹgbẹ́ tí ife kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tún fi kún un pé a kì í “contend an election”. Contest nìyẹn. Awólọ́wọ̀ contested ìdìbò 1979, nígbà tí èsì jáde, ó tún contested èsì, ọ̀rọ̀ kan náà fún iṣẹ́ méjì.

Ti contend with ló ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni Yorùbá wa ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn. Ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100. Ní oṣù kẹjọ 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń ka ìròyìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì yóò bá a pé “residents have had to contend with floods”. Akọ̀ròyìn Yorùbá yóò wá sọ ọ́ pé: “Àwọn olùgbé ti ní láti jà pẹ̀lú ìkún omi.” Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí nílé Yorùbá? A kì í jà pẹ̀lú nǹkan. A máa ń bá nǹkan jà ni. Ju ìyẹn lọ, nínú èdè wa, ìṣòro ló sábà máa ń ṣíwájú gbólóhùn, tí yóò máa ṣe èèyàn. Àìsàn ń bá a fínra. Gbèsè ń lé e kiri. Òṣì ń bá a jà. Omíyalé ń yọ wọ́n lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì fi èèyàn síwájú, ó sọ ọ́ di oníjà. Àwa jẹ́ kí ibi wá bá èèyàn nílé rẹ̀. Kì í ṣe pé a gba fún un o. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé é wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Contend with ni wọ́n sọ yẹn, tán pátápátá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí “jà pẹ̀lú” kankan.

Bí alátakò bá jẹ́ èèyàn, ọ̀nà mìíràn wà: ó ń kojú rẹ̀, wọ́n wọ̀yá ìjà, ó ń bá a figagbága. Bí èèyàn bá ń ru ẹrù tó wúwo tó sì ń bá a lọ síbẹ̀, ó ń bá a yí ni. Ẹni tí alátakò kò lè fojú di, Gẹ̀ẹ́sì lè pè é ní ẹni “to contend with”, àwa á ní kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni kékeré.

Àwọn ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà wà níbí, mo sì rí wọn. Nínú lẹ́tà Júúdà, ẹsẹ kẹta, Bíbélì King James ti 1611 lo contend fún ohun tí àwọn onígbàgbọ́ gbọ́dọ̀ ṣe nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Èdè Gíríìkì ni Júúdà fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó lò sì wá láti agbo eré ìdárayá, níbi tí àwọn eléré ti ń sáré, tí wọ́n ń jìjàkadì, tí òógùn ń bò wọ́n. Làálàá ló ń sọ, kì í ṣe kùmọ̀. Nígbà tí pásítọ̀ bá ké “contend for the faith” láti orí pẹpẹ, tí ara ìjọ sì ti gbóná, ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ bá mú lè rán ọ̀dọ́ kan lọ síbi tí Júúdà kò rán an. Ẹ lè ní kí wọ́n làkàkà, kí wọ́n tiraka, kí wọ́n dúró gbọin-in.

Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́ rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Òfin ti ṣe tirẹ̀. Ohun tí kò sí nílẹ̀ ni ìwé kékeré kan tí ògbufọ̀ lè gbé sí àpò, tí yóò sọ fún un bí a ṣe ń sọ contend, submit, hold, allege àti deny ní Yorùbá tí bàbá àgbẹ̀ yóò gbọ́ tí kò ní fò dìde. Ẹ̀yin ògbufọ̀ àgbà tó wà níjókòó yìí, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ju ọ̀mọ̀wé èyíkéyìí lọ, torí ẹnu yín ni wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sílẹ̀ láti ọ̀la. Kí ẹ̀yin olùkọ́ èdè jókòó tì wọ́n, kí ẹ bá wọn tò ó, kí ẹ sì gbé e lọ síwájú àwọn Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ṣetán láti bá yín ṣe é.